Ìwé Àkókò Rélùwéè: Àdéhùn Ni, Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Ara Ògiri

Ẹyin ni ohùn: bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Àwọn baba wa pa òwe yìí kí olúkúlùkù lè máa ṣọ́ ẹnu rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó wà ní ipò àṣẹ. Ìlérí tí a fi ẹnu ṣe ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí ìlérí ẹnu bá wúwo tó báyìí, kí ni kí a wí nípa ìlérí tí a kọ sínú ìwé, tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí a sì gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lé lórí? Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ni ìwé àkókò rélùwéè, èyí tí ó ń sọ aago tí ọkọ̀ yóò gbéra àti aago tí yóò gúnlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ wa sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn ń rò fún wa láti Mọ́níyà, láti Ìrókò, láti Ìkéréku àti láti Ọlọ́rìṣàoko kò ju ọ̀kan lọ. Wọn kò sọ pé àwọn kò fẹ́ rélùwéè. Wọn kò sọ pé ọkọ̀ náà kò dára. Ó mọ́, ó tutù nínú, kì í sì í mi ènìyàn bí ọkọ̀ akérò ti í mi ènìyàn nínú kòtò. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé aago ọkọ̀ náà ń yí padà, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni wọ́n sì ń gbọ́ gbẹ̀yìn. Lónìí wọ́n fi kún ìrìn ọkọ̀. Lọ́la wọ́n yọ nínú rẹ̀. Lọ́túnla wọ́n ti aago síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹni tí ó jí ní ìdájí ní abúlé rẹ̀, tí ó san owó ọ̀kadà dé Mọ́níyà, ẹnu ọ̀nà ìdíkọ̀ ni ó ti ń gbọ́ pé aago tí òun mọ̀ kọ́ ni aago tòní. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé aago kò yí padà, ó lè jókòó kí ó máa wo ojú irin títí oòrùn yóò fi mú, láìsí ẹni tí yóò wá sọ fún un pé báyìí ni nǹkan rí.

Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí má ṣe rò pé ohun kékeré ni a ń bínú lé lórí. Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀ kí a wo bí rélùwéè ti dé ọ̀dọ̀ wa, kí a lè mọ ìwọ̀n ohun tí a ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè.

Ní 1896 ni àwọn Òyìnbó amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní oṣù Kẹta 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní 1907 ni ó dé Òṣogbo, lẹ́yìn tí ó ti la ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ wa kọjá ní Olódó, ní Èrúnmú àti ní Lálúpọn, kí ó tó kọjá sí Ìwó àti Ẹdẹ. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ wa ni wọ́n ṣe la á. Nítorí kòkó ni, nítorí èkùrọ́ àti epo pupa ni, nítorí òwú àti ẹ̀pà ilẹ̀ Òkè Ọya ni. Àgbẹ̀ ni ojú irin náà wá wá. Ẹrù àgbẹ̀ ni ó fi san gbèsè ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èrè ara wọn ni àwọn amúnisìn ń lé, ohun kan wà tí wọn kò fi ṣeré, èyí nì ni aago. Ní àwọn abúlé etí ojú irin, fèrè ọkọ̀ ni agogo ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ní aago lọ́wọ́. Ìyá tí ó ń yan gàrí mọ̀ pé bí ọkọ̀ àárọ̀ bá ti fọn fèrè, ó tó àkókò láti gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí ó wà lóko.

Ojú irin náà sì ti gba ẹ̀jẹ̀ lára wa pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1957, ọkọ̀ rélùwéè ṣubú ní ẹ̀bá Lálúpọn, àwọn tí ó sì kú ju ọgọ́ta lọ. Àwọn àgbà Lágelú kò gbàgbé ọjọ́ náà. Nítorí náà, bí a bá ń sọ ọ̀rọ̀ rélùwéè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò ni a ń sọ. Ilẹ̀ wa ni ó gbà kọjá. Ẹrù wa ni ó rù. Òkú wa ni a gbé kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ojú irin àtijọ́ náà di ohun ìgbàgbé díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìjọba ológun àti ìjọba alágbádá bákan náà. Ní oṣù Kẹta 1917 kọ́, ní oṣù Kẹta 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òmíràn, tí ó gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ, láti Èkó sí Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà ni ó ṣe é, pẹ̀lú owó tí a yá lọ́wọ́ báńkì ìjọba Ṣáínà. Gbogbo iṣẹ́ náà sì tó nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157. Kí ọdún 2020 tó parí, ọkọ̀ ti ń gbé èrò lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí i. Òpin rẹ̀ ní apá tiwa wà ní Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, títí di òní kò sì tíì kọjá ibẹ̀.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa: owó tí a yá ni. Ẹ̀yin, àwọn ọmọ yín àti àwọn ọmọ ọmọ yín ni ẹ óò san án. Ẹni tí ó jẹ gbèsè nítorí ilé kì í ṣe àlejò nínú ilé náà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún yín pé oore ni a ń ṣe yín, nítorí náà kí ẹ dákẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí ọkọ̀ tí kò mú aago dúró ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìjàyè wu iṣu, tàbí ó ká ata àti tòmátì, ó sì kó o sínú lọ́rì ní alẹ́ lọ sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Ẹrù bá lọ́rì lọ. Olówó ẹrù fẹ́ bá rélùwéè òwúrọ̀ lọ, kí ó lè dúró ti ọjà rẹ̀ kí àwọn alágbàtà má baà rẹ́ ẹ jẹ. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní aago tí wọ́n kọ sílẹ̀, yóò dé kí ọjà tó kún tán. Bí wọ́n bá ti yí aago náà padà láìsọ fún un, ẹrù yóò dé, olówó rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Tòmátì kò mọ ìwé àkókò. Oòrùn ni ó mọ̀. Kí ó tó dé, apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ ti ń jo omi, iye tí alágbàtà bá sì fi ẹnu sọ ni yóò gbà. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta bọ́ sọnù láàárín wákàtí mẹ́ta.

Ẹ wo àwọn ìyá wa alájàpá pẹ̀lú. Ìyá kan kó gàrí àti lafún jọ láti abúlé dé abúlé, ó tà á ní Èkó, ó sì fẹ́ padà sílé ní ọjọ́ kan náà nítorí ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá pẹ́, òkùnkùn ni yóò bá a ní Mọ́níyà. Mọ́níyà kì í ṣe Dùgbẹ̀, níbi tí ìdíkọ̀ àtijọ́ wà láàárín ìgboro. Lẹ́yìn tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ó ku ọ̀nà tí yóò rìn dé Ìrókò tàbí dé Ìkéréku. Ọlọ́kadà tí ó kù lójú pópó yóò bu owó lé e, kò sì ní kọ̀, nítorí gbogbo wa ni a mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà oko wa ní òru láti ọdún mélòó kan wá. Ewu tí ìyá yìí rìn wọ̀, ta ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rélùwéè? Owó tí ó san lé owó, ta ni yóò dá a padà fún un?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òṣìṣẹ́ tí ó kọ́ ilé sí Akínyẹlé nítorí pé owó ilé Èkó ti ga ju agbára rẹ̀ lọ, tí ó sì gbà pé rélùwéè yóò máa gbé òun lọ, yóò máa gbé òun bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò gba rélùwéè gẹ́gẹ́ bí àwáwí. Bí ó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n kìlọ̀ fún un. Bí ó bá pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, iṣẹ́ bọ́. Nígbẹ̀yìn, gbogbo àwọn wọ̀nyí a padà sí ọ̀nà mọ́tò Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀nà tí a ṣí ní 1978 tí a sì ti ń tún ṣe láti ọdún pípẹ́, níbi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò ti mọ ọlọ́lá yàtọ̀ sí tálákà. Báyìí ni ojú irin tí a fi gbèsè ńlá kọ́ ṣe ń lé àwọn tí a kọ́ ọ fún lọ.

A ó ṣe òdodo. Àwọn tí ó wà nídìí Àjọ Rélùwéè ní àwọn ìdí kan tí wọ́n lè sọ, ìdí náà kò sì ṣófo. Ọkọ̀ wọn ń mu dísẹ́ẹ̀lì, gbogbo wa sì mọ bí owó dísẹ́ẹ̀lì ti fò láti 2022. Àwọn olè ń yọ irin àti wáyà lójú ọ̀nà, èyí sì lè pa ènìyàn. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2024, ọkọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Red Line ti ń gbé èrò láàárín Oyíngbò àti Agbádó, orí ojú irin kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń rìn. Bí ọkọ̀ méjì bá ń pín ọ̀nà kan, kò sí bí a kò ṣe ní tún aago ṣe kí wọ́n má baà dí ara wọn lọ́wọ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí olóye ènìyàn tí yóò ní kí a má ṣe yí aago padà láé.

Ṣùgbọ́n ohun méjì ni kí a ya sọ́tọ̀: yíyí aago padà jẹ́ ọ̀kan, fífi rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ jẹ́ òmíràn. Ti àkọ́kọ́ lè di dandan. Ti èkejì jẹ́ àìka-ènìyàn-sí. Bí àna rẹ bá dá ọjọ́ ìgbéyàwó, tí òjò ńlá sì bà á jẹ́, ìwọ kò ní bínú bí ó bá ránṣẹ́ sí ọ lákòókò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ kí o pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ, kí o pa ẹran, kí o se oúnjẹ, kí o tó wá mọ̀ pé ó ti sún ọjọ́ síwájú, o mọ̀ pé ó fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí gbogbo Nàìjíríà gbọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2022, ọkọ̀ kan lójú irin Èkó sí Ìbàdàn yìí dúró sáàárín igbó nítorí pé dísẹ́ẹ̀lì tán nínú rẹ̀. Ènìyàn tí ó san owó rẹ̀ pé jókòó sínú igbó. Àjọ Rélùwéè tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtọrọ àforíjì tí ó bá dé lẹ́yìn ariwo ìwé ìròyìn kò tó. Ètò tí yóò jẹ́ kí arìnrìn-àjò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní wákàtí tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni a ń bèèrè.

Kí a má ṣe rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí rélùwéè ti pẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, wọ́n yí ìwé àkókò padà ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 2018, gbogbo nǹkan sì dàrú: ọgọ́ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni kò rìn lójoojúmọ́, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì lè dé ibi iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀lé e. Àwọn arìnrìn-àjò kò fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run nìkan. Wọ́n kọ̀wé, wọ́n pariwo, àwọn aṣòfin wọn pe àwọn tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ wá jẹ́jọ́, a san owó gbà-mábìínú fún àwọn tí ìyà jẹ, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹta 2020, ìjọba gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ Northern, ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ilẹ̀ Japan, ní oṣù Kọkànlá 2017, ọkọ̀ kan gbéra ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá ṣáájú aago rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó ni ín sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ogún ìṣẹ́jú-àáyá! Ẹni tí ó ń sá bọ̀ lè ti pàdánù ọkọ̀ nítorí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀mí yẹn ni a fẹ́.

A kò sì nílò láti lọ sí Japan kí a tó rí ẹni tí ó mọ iyì ọjọ́ tí a dá. Orúkọ tí ìjọba kọ sí ara ìdíkọ̀ Mọ́níyà ni orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní 1952 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ fún àwọn òbí pé ní oṣù Kìíní 1955, ọmọ gbogbo ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn alátakò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní owó kò tó, olùkọ́ kò tó, ilé kò tó. Ìjọba kọ́ ilé, ó kọ́ olùkọ́, ó bẹ àwọn ará abúlé kí wọ́n gbé igi àti amọ̀ wá. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, a ṣí ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí lónìí jẹ́ ọmọ tàbí ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ṣẹ. Ǹjẹ́ ó ha yẹ kí ìdíkọ̀ tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ máa dá aago òwúrọ̀, kí ó má sì lè mú un ṣẹ ní òwúrọ̀ kan náà?

Nítorí náà, kì í ṣe ẹkún ni a wá sun. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ Àjọ Rélùwéè, lọ́wọ́ mínísítà ètò ìrìnnà àti lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyí:

Èkíní, kí a má ṣe yí aago kankan padà láìjẹ́ pé a ti kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 14 ṣáájú. Kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì lẹ̀ ẹ́ sí ìdíkọ̀, sí gáréèjì Mọ́níyà àti Ojóò, sí ọjà àti sí ilé ìjọba ìbílẹ̀. Ilé rédíò Àmúlùdùn tí ń sọ Yorùbá wà ní Mọ́níyà gan-an, kò jìnnà sí ojú irin. Kí wọ́n kà á níbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àgbẹ̀ ni ó ní fóònù tí ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, kì í sì í ṣe gbogbo abúlé ni ó ní iná tí a óò fi gba agbára sí i.

Èkejì, bí ọkọ̀ bá pẹ́ tàbí tí kò bá ní rìn, kí òṣìṣẹ́ jáde wá sọ fún àwọn èrò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì sọ aago tuntun. Ẹni tí kò bá lè dúró mọ́, kí a dá owó rẹ̀ padà níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá ti kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí Èkó.

Ẹ̀kẹta, kí a pe àwọn tí ń wọ ọkọ̀ sí ìjókòó nígbà tí a bá fẹ́ tún aago ṣe. Kí aṣojú àgbẹ̀ wà níbẹ̀, kí aṣojú àwọn ìyá ọlọ́jà wà níbẹ̀, kí aṣojú òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí a bá bi wọ́n, wọn yóò sọ pé kí ọkọ̀ òwúrọ̀ yá, kí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ̀kẹrin, kí a wá àyè fún ẹrù oko. Ojú irin ìṣáájú kó kòkó wa lọ sí òkè òkun. Èyí tí a fi gbèsè wa kọ́ kò yẹ kí ó máa wo tòmátì wa bí ẹni ń wo ìdọ̀tí. Kí a so ọkọ̀ ẹrù kan mọ́ ìdí ọkọ̀ èrò ní ọjọ́ ọjà, kí a sì ṣe àtẹ́rígbà sí Mọ́níyà níbi tí oòrùn kò ti ní máa pa ẹrù.

Ẹ̀karùn-ún kan ìjọba ìpínlẹ̀ wa, ó sì kan àwọn ará Lágelú àti Ẹ̀gbẹ́dá jù lọ. Rélùwéè tuntun kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú irin àtijọ́ ṣì nà kọjá ní Olódó, Èrúnmú àti Lálúpọn, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ èrò ojoojúmọ́ tí àgbẹ̀ lè gbójú lé lórí rẹ̀. Nígbà kan rí, ẹni tí ó bá sọ pé kí Ìbàdàn ṣe nǹkan sí i, wọn yóò dá a lóhùn pé Ìwé Òfin fi rélùwéè sí abẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìdáhùn yẹn ti kú. Ní oṣù Kẹta 2023, a tún Ìwé Òfin ṣe, a sì mú ọ̀rọ̀ rélùwéè wá sí àárín àwọn nǹkan tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè ṣe òfin lé lórí. Èkó ti lo ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀ṣun, láti ayé Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ti fi owó ara rẹ̀ gba ọkọ̀ rélùwéè ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti Èkó ní àkókò ọdún, láti orí ojú irin àtijọ́ kan náà tí ó la Lálúpọn kọjá. Bí ọkọ̀ bá lè gba ibẹ̀ nítorí ọdún, kí ni ó dé tí kò lè gba ibẹ̀ nítorí ọjà? Kí ìjọba Ọ̀yọ́ bá Àjọ Rélùwéè jókòó, kí wọ́n fi ọkọ̀ kan ṣe ìdánwò láti Lálúpọn wọ Ìbàdàn ní ọjọ́ ọjà, kí ìwé àkókò rẹ̀ sì dúró.

Àwọn ará Ọ̀nà-Àrà lè bèèrè pé kí ni ti àwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí ojú irin kankan kò gba Akáńran kọjá. Ti yín wà nínú rẹ̀, ẹ̀yin ará wa. Ọkọ̀ tí ìjọba ń san owó rẹ̀ ni ọkọ̀ gbogbo wa, ìwà tí ìjọba bá sì hù sí àgbẹ̀ Akínyẹlé ni yóò hù sí àgbẹ̀ Akáńran nígbà tí ọ̀rọ̀ omi, ọ̀nà tàbí ajílẹ̀ bá délẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ti dìde ní 1968 àti 1969, tí wọ́n fi hàn pé àgbẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a lè máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìfún un ní ohun tí owó náà wà fún. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nígbà náà, nítorí pé àwọn aláṣẹ kò fetí sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. A kò fẹ́ irú rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ ní kùtùkùtù.

Ó ku ojúṣe tiwa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú kan òṣìṣẹ́ tí ó wà ní ìdíkọ̀. Òun kọ́ ni ó kọ ìwé àkókò, òun kọ́ ni ó ń ra dísẹ́ẹ̀lì. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣíwájú wọn, wà ní iwájú nínú ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, èyí tí ó mi ìjọba amúnisìn. Àwọn ọmọ wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì rí ẹni tí ń yọ irin tàbí ń gé wáyà lójú ọ̀nà, ẹ fi í lé ìjọba lọ́wọ́, nítorí ọmọ yín ni ó fẹ́ pa.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kan wà fún gbogbo akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Akínyẹlé. Láti ọjọ́ kìíní oṣù tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé kan, ẹ fa ìlà mẹ́rin sí i. Ní ìlà kìíní, ẹ kọ ọjọ́; ní ìkejì, aago tí wọ́n sọ pé ọkọ̀ yóò gbéra; ní ìkẹta, aago tí ó gbéra ní tòótọ́; ní ìkẹrin, ohun tí wọ́n sọ fún àwọn èrò, tàbí pé wọn kò sọ ohunkóhun. Ẹ máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ fún oṣù kan gbáko. Ẹ má fi irọ́ kún un, ẹ má sì yọ ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé lákòókò kúrò, nítorí ẹ̀rí tí a bá bù mọ́ ni ọ̀tá máa ń fi tú ẹjọ́ ká. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa. Àwa yóò tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti rí, a ó sì gbé e lọ síwájú Àjọ Rélùwéè àti àwọn aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ariwo ni ó rọrùn fún ìjọba láti gbàgbé. Ìwé tí ó ní ọjọ́ àti aago nínú kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Ìjọba ti kọ aago sí ara ògiri fún wa. Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ tiwa sínú ìwé, kí a gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí gbogbo ayé sì wò ó. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìbàdàn kò ní dákẹ́.

AKỌ̀WÉ ÌPOLONGO ẸGBẸ́